Tu Ú, Má Fomi Yọ Ẹnu

Oṣù Kejì ni, gbogbo Winnipeg gan bí igi,
afẹ́fẹ́ ń ti orí odò bọ̀, ó mú ju abẹ lọ.
Mo la ẹnu kí n kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì,
òtútù wọlé, ó tẹ ìka mọ́ eyín mi apá òsì.
Mo pa ẹnu dé. Ìkíni kú sórí ahọ́n.

Èmi Mojírádé, tí mo ń fi eyín ṣí ìdérí ìgò nígbà èwe,
tí mo ń rún egungun ẹja bí ẹni ń jẹ gúgúrú,
èmi náà ni tíì gbígbóná wá ń lé kiri ilé.

Marivic tan iná kékeré, ó wo ẹnu mi pẹ́.
Ọmọ ilẹ̀ Filipíìnì ni, ohùn rẹ̀ rọ̀ ju òwú ọwọ́ rẹ̀ lọ.
Ó ní, "Kí lo ń mu lóru?"
Mo ní omi gbígbóná ni, omi lásán,
pẹ̀lú òroǹbó wẹ́wẹ́ díẹ̀, kí oorun má baà gbé mi
níbi tí mo ti ń to búrẹ́dì sínú páálí
láti aago mọ́kànlá alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.
"Díẹ̀ bíi mélòó?"
Mo dákẹ́.
Odindi ìgò ni. Mo ń fà á mu bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀.

Kò bá mi jà. Ó gbé dígí lé mi lọ́wọ́:
àmì funfun kan, kò dán, ó rí bí ẹfun,
nítòsí ẹran ìdí eyín.
"Kò tíì lu," ó wí. "Ó kàn rọ̀ ni.
Omi kíkan ló ń jí ohun líle ara rẹ̀ kó,
díẹ̀díẹ̀."
Mo rántí imú ẹlẹ́dẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ náà ló fi ń wọgbà.

Mo ti ń retí ẹ̀rọ tó ń ké yìn-ìn; ọṣẹ ìfọyín ló júwe fún mi.
Kálíṣíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, àti fọ́sífétì,
èròjà kan náà tí a fi mọ eyín láti ìpilẹ̀ṣẹ̀;
fúlóráìdì á bá wọn mú ara wọn le,
kí omi kíkan má tètè rí wọn tú.
"Itọ́ rẹ gan-an ni bíríkìlà. Ọṣẹ yìí ń bá a ru yẹ̀pẹ̀ ni.
Ihò, kò lè dí i o.
Èyí tó ṣì rọ̀ nìkan la lè bẹ̀."

Mo ti dìde tán kó tó pè mí padà:
"Tó o bá fọ̀ ọ́ tán, tu ú. Má fomi yọ ẹnu."

Háà.
Ìyá àgbà tó tọ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà,
ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń ní ká yọ ẹnu láàárọ̀;
ẹnu tí a kò yọ kò gbọdọ̀ kí àgbà.
Ta ni n bá sọ fún
pé omi tí mo fi ń yọ ẹnu ló ń yọ mí lẹ́nu?

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo tu ú,
mo dúró níwájú básíà bí ẹni tó jí nǹkan.
Mínti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ọwọ́ ń yún mi sí ẹ̀rọ omi.
Mo ki ọwọ́ bọ àpò.
Ìtùnú ọmọ mi yọjú: "Mọ́mì, ẹ ò tíì yọ ẹnu."
Mo ní, "Jẹ́ kí àwọn bíríkìlà ṣiṣẹ́."

Lóru, omi lásán ni mo ń mu, lásán ní tòótọ́.
Oorun gbé mi lẹ́ẹ̀mejì. Páálí kan lọ láìní búrẹ́dì nínú.
Ọ̀gá pariwo. Eyín mi dákẹ́.

Oṣù Kẹrin, yìnyín yọ́, títì lu káàkiri,
àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ń da ọ̀dà dúdú sí kòtò,
bọ́ọ̀sì wa ń ta bí ewúrẹ́.
Eyín mi kan lápá ọ̀tún, bí wọ́n ṣe dí i nìyẹn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn;
ìtàn ìyẹn yàtọ̀, owó rẹ̀ náà yàtọ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Marivic tún tanná wò mí.
Àmì náà ṣì wà, ó ní. Ó ti le. Ó ń dán.

Oṣù Kọkànlá, mo gun bọ́ọ̀sì, mo la ẹnu,
mo kí awakọ̀, mo béèrè ilé, mo béèrè ọmọ.
Òtútù wọlé, ó yẹ eyín mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan,
kò rí ibi jókòó sí.