Ìpele Kejìlélọ́gọ́ta

Àwẹ̀ró ni mo sọ ọ́,
oríkì ìyá tó bí ìyá mi, tó ta kẹrosíìnì ní Bàrígà
títí agolo fi tẹ èjìká rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.
Nínú géèmù, kò ru agolo.
Idà ló gbé, aṣọ irin ló wọ̀,
irun rẹ̀ funfun. Èmi ni mo mú un funfun
nígbà tí wọ́n ní kí n yan àwọ̀.

Ìpele kìíní, ìkookò ẹsẹ̀ afárá pa á.
Ó tún pa á.
Mo kà á dé ẹ̀ẹ̀meje, mo pa kíkà tì.
Ìkookò yẹn ò mojú àgbà.

Ọdún méjì, alaalẹ́,
bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ṣípéolú tán,
tàdáwà lábẹ́ èékánná,
màá jókòó lórí ẹrù bébà tí a tẹ̀ bàjẹ́,
kàlẹ́ńdà ìjọ kan
tí oṣù Èrèlé rẹ̀ ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
màá mú páàdì.

Ìrírí ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.
Wọ́n ń kà á bí ẹni ń ka owó:
aláǹtakùn kan, máàkì mẹ́wàá,
òmìrán kan, ọ̀ọ́dúnrún.
Ọ̀pá aláwọ̀ ewé á máa kún nísàlẹ̀,
bó bá kún tán, ìmọ́lẹ̀ á dà lé e lórí,
wọ́n á ní, yan ohun tí o fẹ́ mọ̀ sí i.
Agbára apá. Ojú tó mú. Ẹsẹ̀ tó yá.
Mo wá sùúrù lórí igi náà, kò ní ẹ̀ka.

Ta ló ń ka tèmi?
Ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ ọ̀gá Ṣówẹ̀mímọ́:
ọdún kìíní, mo gbálẹ̀,
ọdún kejì, mo gbálẹ̀ tìbínútìbínú.
Kò sẹ́ni tó lu agogo pé
Dúrósinmí, o ti gun àtẹ̀gùn kan.

Oṣù Ọ̀wàrà, òjò ń lu páànù bí ẹni wá gba gbèsè,
Àwẹ̀ró wọ ìpele kejìlélọ́gọ́ta.
Mo ní kí n fi í pamọ́.
Òbírí kékeré ń yí lójú ẹ̀rọ,
wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: má ṣe pa iná.
Ṣé èmi ni mò ń pa iná ní Ṣómólú?

Ìgbà tó padà dé, agogo mẹ́ta àbọ̀ òru,
ojú ẹ̀rọ mọ́ bíi bébà tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀.
Wọ́n ní, kí ni orúkọ rẹ?
Mi ò sunkún.
Irọ́ ni, mo sun díẹ̀.

Mo tún kọ Àwẹ̀ró. Idà onígi, aṣọ àkísà,
ìkookò lẹ́sẹ̀ afárá, ó yọ eyín síta
bí onílé tí owó ọdún rẹ̀ ti pẹ́.
Ó fò.
Àtàǹpàkò mi ti yẹ̀ kí ojú mi tó rí i.
Ó tún fò, mo ti kúrò níbẹ̀.
Idà onígi yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré,
ìkookò sùn.
Ọmọ tuntun ni Àwẹ̀ró, kò mọ nǹkan kan.
Ta ló wá yẹ̀?

Lówùúrọ̀, oníbàárà kan kó bébà wá,
ó ní ọgọ́rin gíráàmù ni.
Mo fi ìka méjì pa á lójú, mo ní,
"Àádọ́rin ni. Wọ́n rẹ́ yín jẹ, sà."
Ọ̀gá gbé e lé òṣùwọ̀n.
Kò sọ̀rọ̀. Ó ti kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ ìgébébà
gba orí tábìlì sọ́dọ̀ mi,
ó padà sídìí tíì rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ kankan ò dà lé mi lórí,
gílóòbù ṣọ́ọ̀bù ti kú láti ọjọ́ Àìkú.
Ìdí fèrèsé ni mo ti gé iṣẹ́ àkọ́kọ́,
ẹgbẹ̀rún ìwé ìpè fún ìsìnkú ìyá àgbà kan.
Etí rẹ̀ gún.