Wáyà Kan Ló Wọ Òkè Àró

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi gun òpó,
ṣòkòtò kakí, bẹ́líìtì awọ, àkàbà onígi.
Arífálò lorúkọ rẹ̀, àdúgbò ò mọ̀ ọ́n.
Bàbá Nẹ́pà ni wọ́n ń pè é,
àwa ọmọ ni wọ́n sì ń bú bí iná bá lọ.

Nígbà náà, ẹnìkan ló ni iná.
Ìjọba ló ń dá iye lé e,
iye kan náà fún ọlọ́lá ní Alágbàká
àti fún ìyá tó ń ta ẹja oníyìnyín ní Ìsìkàn.
Owó náà kéré. Iná náà kéré jù ú lọ:
gílóòbù a máa pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú,
a ó jókòó sábẹ́ rẹ̀, a ó kàwé,
a ó sì dúpẹ́.

Lánàá, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì wọlé wa, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ iléeṣẹ́.
Èkíní ní iná tòun dínwó lóru,
kí n lọ aṣọ láago méjì, kí n fa omi kí àkùkọ tó kọ.
Èkejì ní iye kan lòun ń gbà, ọdún yípo, kò ní í yẹ̀.
Ẹ̀rín ń pa mí.
Láyé mi, n kò rí i rí kí oníná máa bẹ̀ mí!
Mo bu omi fún wọn, mo sì ná an bí ẹni ń ná iṣu:
“Èènì ńkọ́?”
Èkíní ní, “Ìyá, ọ̀nà kan ò wọjà.”

Bàbá mi jí lórí àga.
Ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀,
ó na ọ̀pá gba ojú fèrèsé
sí òpó tó ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan látoṣù Agẹmọ.
“Òótọ́ ni, ọ̀nà kan ò wọjà.
Ṣùgbọ́n wáyà kan ló wọ Òkè Àró.
Ìwọ ń tà, òun náà ń tà.
Ta ni yóò gun ìyẹn?”

Èkíní ní iléeṣẹ́ mìíràn ló ni òpó.
Èkejì ní ó wà nínú ìwé àdéhùn, ojú ìwé kẹrìnlá.
Bàbá mi ní òun ò rí ojú ìwé tó gun òpó rí.

Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n mo rántí
tiransifọ́mà tó bú gbàmù lọ́dún tí mo bí Adéṣèwà.
Oṣù mẹ́jọ lókùnkùn.
Òun fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sọ́gàá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà,
kò síbòmíràn tí à bá gbé ẹjọ́ lọ.
Mo sọ ọ́ sí i létí. Kò fèsì.
Ó ń wo àpá iná lórí àtàǹpàkò rẹ̀.

Mo gba ìwé àwọn méjèèjì, mo fi sábẹ́ Bíbélì.
Ilẹ̀ ṣú, iná lọ.
Ó lọ lọ́dọ̀ Ògúnṣakin tó ti fọwọ́ sí ti èkíní,
ó lọ lọ́dọ̀ Ìyá Tòrera tó mú ti èkejì,
ó lọ lọ́dọ̀ èmi tí n kò tíì mú nǹkan kan.
Nínú òkùnkùn, bàbá mi ní kí n gbé àkàbà wá.
Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.
Mo ní, “Bàbá, ẹ jókòó.”