Ife Kejì

Ìkòkò tí mo fi ń se tàmálè nígbà Kérésì
ni Eusebio gbé lọ sí gáréèjì.
Kò tọrọ rẹ̀. Ó kàn gbé e,
bí ẹni tó lọ gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtọ́.

Ọdún mọ́kànlélógún ló fi gun àkàsọ̀ nínú oko họ́ọ̀pù
níbí, ní àfonífojì Yákímà,
tó ń so ìtàkùn mọ́ okùn,
tó ń gé e lulẹ̀ bí oṣù kẹsàn-án bá dé.
Bó bá wọlé nírọ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ a dúdú, a máa lẹ̀ bí oje igi,
ìrọ̀rí wa a máa ta sánsán bí èèpo ọsàn.
Ọṣẹ ò ràn án. Mo ti fọ̀ ọ́ tì.

Ìtànná tó ń gé yìí ni ilé iṣẹ́ ọtí ń rà lọ,
wọ́n a dá a padà fún wa nínú agolo,
àwòrán ẹyẹ àkọ̀ lára rẹ̀,
ó dúró lẹ́sẹ̀ kan bí onígbèsè.
Agolo mẹ́rin, dọ́là méjìdínlógún.
"Èmi ni mo gé e," ni Eusebio wí níwájú ẹni tó ń gbowó,
"èmi náà ni n ó tún fowó rà á?"
Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Báyìí ló bẹ̀rẹ̀.

Ọtí àkọ́kọ́ bẹ́. Ìgò mọ́kànlá,
lóru ọjọ́ Ajé, gbàù, gbàù, bí ẹni ń yìnbọn,
Rogaciano aládùúgbò wa pe ọlọ́pàá.
Ṣúgà tó yẹ kó fi sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló fi sí i.
Ìkejì korò ju ewúro lọ,
a dà á sídìí tòmátì lẹ́yìn ilé, tòmátì rọ.
Ìkẹta ò burú. Ìyẹn ló wá dùn ún jù.
Ó gbé ife sókè síbi fèrèsé, ó ní,
"Àwọ̀ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Òórùn rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀.
Ṣùgbọ́n kíkorò tiwọn máa ń pẹ́ kó tó dé,
bí àlejò tó kan ilẹ̀kùn nígbà tí o ti pa iná.
Ó kù díẹ̀."

Díẹ̀ yìí gba ọdún kan gbáko lọ́wọ́ wa.
Ó ra ìwọ̀n tó lè wọn ẹyọ irun.
Ó ń wo ooru omi bí ìyá tó ń wo ibà ọmọ.
Ó ju họ́ọ̀pù sí i bí iná ti ń kú,
ó tún jù ú sí i nígbà tó tutù,
ó ń jí láàárín òru lọ fetí sí garawa:
ìwúkàrà ń mí nínú òkùnkùn, bùlọ̀, bùlọ̀,
òun a padà wá sùn tẹ̀rín-tẹ̀rín.
Nígbà tí mo lóyún Maricruz, kò jí tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo ní kó jókòó.
Mo fi aṣọ ìnuwọ́ dì í lójú.
Ife mẹ́ta. Ti agolo wà nínú ti àkọ́kọ́, tirẹ̀ wà nínú èkejì,
mo tún bu ti agolo sínú ẹ̀kẹta, kó má baà méfò.
Ó tọ́ ọ wò. Ó fi ahọ́n lu òkè ẹnu.
Maricruz ò mí.
Ó gbé ife kejì sókè:
"Èyí ni. Ẹyẹ àkọ̀ rèé.
Ẹ wo bó ṣe pẹ́ kó tó dé."
Ó fọwọ́ ti méjì yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́:
"Tèmi nìwọ̀nyí. Ó ṣì kù díẹ̀."

Maricruz wò mí.
Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ó ti wà ní gáréèjì báyìí, mo ń gbọ́ ìró ìkòkò mi.
Ó ní òun ti mọ ibi tó ti ń yẹ̀.
Màá sọ fún un.
Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ lónìí,
kí ni ọkùnrin yìí á máa jí gbọ́ lóru?
Ẹ jẹ́ kó di Kérésì ná,
nígbà tí n ó nílò ìkòkò mi.