Ojú Ààrò

Wọ́n gbé ohun mẹ́ta wá sí yàrá àlejò mi ní Ìròjò,
lọ́jọ́ tí òjò Iléṣà kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ.
Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ nípa ìmọ́lẹ̀
ni wọ́n ní kí n sọ bóyá fèrèsé Ọmọlará
jẹ́ ohun tuntun, tàbí àkópọ̀ àlòkù.

Àkọ́kọ́: dígí onípele méjì tí Fápohùndà ṣe
kí bùrẹ́dì lè hàn nínú ààrò láì ṣí ilẹ̀kùn.
Èkejì: páìpù Ògúnṣakin alágbẹ̀dẹ,
tó ń fẹ́ atẹ́gùn kí èéfín má bo ojú rẹ̀.
Ẹ̀kẹta, ti Ọmọlará: dígí méjì, atẹ́gùn láàárín wọn.

Lóyà Arówóṣafẹ́ rẹ́rìn-ín.
"Bàbá Tíṣà, bí mo bá rán àpò mọ́ ẹ̀wù,
ṣé èmi ni mo dá ẹ̀wù sílẹ̀ láyé?
Ọmọ iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ì bá ti so wọ́n pọ̀."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.
Àmọ́ ta ni kì í rí ọ̀nà nígbà tí ẹlòmíràn ti ṣán igbó tán?
Amọ̀ wà, omi wà, iná wà;
kí ló dé tí wọn ò fi di ìkòkò fúnra wọn?
Ọmọ iṣẹ́ wo? Dárúkọ rẹ̀.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni dígí àti páìpù fi gbé àdúgbò kan náà
tí wọn ò kí ara wọn.

Mo tún ka ìwé Ògúnṣakin. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní tàdáwà tó ti ṣá:
"Ẹ má gbé e sún mọ́ dígí. Atẹ́gùn tútù á fọ́ ọ."
Ó fọ́ ọ lóòótọ́. Mọ́kànlá ló fọ́ mọ́ Ọmọlará lọ́wọ́
kí ó tó mú atẹ́gùn gba inú ògiri ààrò kọjá,
kí ó lè yáná kó tó kan dígí.

Mo ṣí ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kí n fi èyí han Lóyà.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.
"Dígí méjì, àti atẹ́gùn tó ń fẹ́ láàárín wọn."
Kò sí ògiri níbẹ̀.
Kò sí "gbígbóná".

Ọmọlará ń wo ojú mi bí ẹni tó ń wo ààrò.
Àpá iná wà ní àtàǹpàkò rẹ̀.
Mo ní, "Kí ló dé tí o fi ògiri sílẹ̀?"
Ó ní, "Mo rò pé ìyẹn hàn sí gbogbo èèyàn."