Ìdánwò Kìíní Títí Dé Ìkẹtàdínlógún

Ní Gyumri, lóṣù Èrèlé, òkúta dúdú tí wọ́n fi kọ́ ilé wa
a máa fa òtútù mu bí aṣọ ṣe ń fa omi.
Mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan, nítorí ó móoru ju ààrò lọ.

Iṣẹ́ tí mo gbà kò tóbi:
kí ẹni tó bá ra gata lọ́wọ́ Shushanik
rí lẹ́tà kékeré gbà, pé "A ti gbọ́. Ó ń bọ̀ lọ́la."
Inú ẹ̀rọ mi níbí ni sáfà náà wà,
àdírẹ́sì tí gbogbo ẹ̀rọ fi ń pe ara rẹ̀ ló ń jẹ́:
mẹ́tàdínláàádóje, òdo, òdo, ení.
Kí èèyàn máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ìyẹn ò ṣòro.
Kí ohùn náà dé ìta ni wàhálà.

Ilẹ̀kùn kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni lẹ́tà máa ń gbà látijọ́.
Àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa ti tì í pa. N kò mọ̀.
Mo ṣí fáìlì, mo yí ọ̀rọ̀ kan, mo pa á dé,
mo tún sáfà tàn, mo fi lẹ́tà ránṣẹ́.
Ó ní òun kanlẹ̀kùn títí, ẹnikẹ́ni ò dáhùn.

Bàbá mi ni mo ń kọ ọ́ sí,
torí àdírẹ́sì tirẹ̀ nìkan ló wà lórí mi:
Hmayak, tí ń to bíríkì ní Tyumen,
tí ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí ọjọ́ ìbí.
Lẹ́tà kìíní: "Ìdánwò." Èkejì: "Ìdánwò, ìdánwò."
Ìkẹrin: "Bàbá, má dá mi lóhùn."
Nígbà tó di ìkeje tí kò lọ,
ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òtítọ́.

"Òrùlé ń jò lápá ibi tí o máa ń sùn."
"Ìyá ti ta màálù, ó ní kí n má sọ."
"Mo ti fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ láti oṣù Ọ̀wàrà."
Ìkẹrìnlá gùn. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ síbẹ̀,
bó ṣe jó fún wa látinú fóònù,
tí a gbé fóònù náà sórí àga, tí ẹnikẹ́ni ò lè jókòó síbẹ̀.
Ìkẹtàdínlógún: "Má wálé mọ́ tí o bá máa tún lọ."
Mo tẹ̀ ẹ́. Kò lọ. Ọkàn mi balẹ̀.

Òru kẹta ni mo tó rí i kà:
ilẹ̀kùn mìíràn wà, ẹgbẹ̀ta ó dín mẹ́tàlá,
tí èèyàn ń fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà wọ̀,
lọ́dọ̀ alárinà tí ayé fọkàn tán.
Ìlà mẹ́rin péré. Mo tún sáfà tàn.
Àṣé sáfà kì í da lẹ́tà nù;
ó ti tò wọ́n jọ, ó jókòó lé wọn.
Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́.
Tèmi kò fọ́. Ó gba ooru ẹ̀rọ lóru mẹ́ta, ó pa.
Ó lọ. Ó lọ. Ó lọ.
Mo fọwọ́ bo ojú ẹ̀rọ, bí ẹni pé wọ́n lè rí mi.

Mo retí èsì títí ilẹ̀ fi mọ́. Àpótí mi ṣófo.
Aago méje, Shushanik kanlẹ̀kùn, ìyẹ̀fun lójú fóònù rẹ̀.
Orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo kọ sẹ́yìn gbogbo lẹ́tà náà,
ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni èsì gbà lọ.
"Bàbá rẹ kọ̀wé sí mi," ó ní, kò wò mí lójú.
"Ó ní ọ̀dà wà lẹ́yìn àgbá, kí o fi dí òrùlé náà,
kí o má dá gun àkàbà.
Ó béèrè iye tí ẹ ta màálù.
Ó ní ìkẹtàdínlógún, òun ti kà á, òun ṣì ń kà á."

Ó tẹ fóònù lé mi lọ́wọ́. Ó gbóná bí búrẹ́dì.
"Àti pé kí n tọ́jú gata mẹ́tàdínlógún pamọ́ fóun.
Kò sọ ọjọ́ tóun máa wá gbé e."