Mò Ń Bọ̀

Aago mẹ́ta òru ni mo fi Ìtòkò sílẹ̀,
ajá Bàbá Ṣódìyà nìkan ló rí mi.
Màmá gbé tọ́ọ̀ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ó ní, "Ṣé ẹrù rẹ ò kéré báyìí?"
Ó kéré. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni, Ìbídùn.
Àpótí ńlá a máa sọ̀rọ̀,
a máa sọ fún aṣọ́bodè pé ẹni tó ni mí ò ní í padà.
Mo fi ìwé-ẹ̀rí mi sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn,
mo fi agbádá ìgbéyàwó wa kọ́ sára ògiri,
mo mú ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, sòkòtò méjì,
àti lẹ́tà ọ̀gá ilé-ìwé, tó lu òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
pé Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ń kọ́ni ní Jọ́gíráfì,
pé iṣẹ́ ń dúró dè é.

Ọdún mẹ́ta ni ìwé wa ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn,
èyí tí mo fi ní: ẹ jẹ́ kí n lọ máa bá aya mi gbé.
Mo tún wá mú òmíràn dé:
ẹ jẹ́ kí n lọ kí i, kí n sì padà.
Obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì wo ti àkọ́kọ́, ó wo ìkejì,
ó ní, "Èwo ni òótọ́ nínú méjèèjì?"

Ẹnu mi gbẹ bí orí Olúmọ lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn.
Mo fẹ́ sọ fún un pé nílé wa
ẹni tó ń jáde kì í wí pé òun ń lọ.
"Mò ń bọ̀" ló ń wí.
Bẹ́ẹ̀ ni bàbá Màmá wí ní ibùdókọ̀ ojú irin Lafẹ́nwá
lọ́jọ́ tó wọkọ̀ Kàdúná,
Màmá ṣì ń retí rẹ̀.
Ìyẹn ni mo gbé mì.

Mo ní, "Mo ní ilẹ̀ kan ní Ọbáńtokò,
búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ti dé ojú fèrèsé.
Mo ní ìyá tí ojú rẹ̀ ọ̀tún ò ríran mọ́.
Mo ní ọmọ kíláàsì mẹ́rìndínlógójì
tó ń bi mí bí yìnyín ṣe ń rí lọ́wọ́."
Ó tẹ nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà.
Ó ní kí n lọ kí ìyàwó mi.

Ọjọ́ mọ́kànlá.

Iṣẹ́ òru lò ń ṣe. Bí o bá ti ń wọlé
ni ojú mi ń là;
ibi tí mo sùn sí ṣì gbóná nígbà tí o bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀.
Mo ka ohun ilé ìdáná rẹ: abọ́ kan, ṣíbí kan, ife kan.
Ọjọ́ kẹrin la tó lọ ra ìkejì.
N ò béèrè ibi tí mo lè kó aṣọ mi sí.
Inú àpótí ni mo ti ń mú ṣẹ́ẹ̀tì
bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń dúró níta.
Láfún tí Màmá dì sínú ìbọ̀sẹ̀ mi,
tí wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n dà á nù,
o sunkún rẹ̀
ju bí o ti sunkún lọ́jọ́ tí mo ń lọ.

Mo padà, bí mo ti ṣèlérí.
Mo sọ̀ ní Kútọ̀, eruku kí mi káàbọ̀.
Ìwé àkọ́kọ́ ò kúrò lójú kan:
"Ó ń lọ lọ́wọ́," ni wọ́n ṣì kọ síbẹ̀.
Àwọn ọmọ kíláàsì bi mí léèrè yìnyín.
Mo ní ìgbà ooru ni mo lọ.

Kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ tí o fún mi
wà lórí ìṣó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé ewúrẹ́.
Kò sí ìlẹ̀kùn tó lè ṣí ní gbogbo Abẹ́òkúta.
Lánàá mo bá Màmá lórí àpótí ìjókòó,
ó gbé e sún mọ́ ojú òsì,
ó ń fi àdín pa á,
kó má baà dípẹtà.