Ó Ku Ojú Kan

Bàbá Ọ̀ṣáyẹmí gbé e wá láti Ìmọ̀
lórí ọ̀kadà. Wọ́n fi kúbúsù wé e
bí ọmọ tí ibà ń ṣe.
Wọ́n ní, "Ìwọ lo ni ṣọ́ọ̀bù? Obìnrin?"
Mo ní, "Èmi ni, sà. Ẹ rọra,
ẹ má dojú ẹ̀ délẹ̀."

Oṣù mẹ́ta ló ti ń sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn.
Wọ́n á gbọ́ "góòlù!",
wọn ò ní mọ ẹni tó gbá a sáwọ̀n.
"Amóhùnmáwòrán mi ti di asọ̀rọ̀mágbèsì.
Owó iná ni mò ń san fún òkùnkùn."

Mo tan án. Ohùn jáde ketekete.
Ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ẹlòmíì ì bá ní ojú ti kú,
kí bàbá lọ ra tuntun.
Fámúrewá ọ̀gá mi kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀.
Ó máa ń sọ pé:
má tíì sìnkú ohun tó ṣì ń sọ̀rọ̀.

Mo pa iná ṣọ́ọ̀bù, mo fa aṣọ bo ẹnu ọ̀nà,
mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú láti ẹ̀gbẹ́,
bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní.
Àwòrán wà níbẹ̀!
Obìnrin kan ń ka ìròyìn bí òjìji lábẹ́ omi,
ètè rẹ̀ ń mì, yẹtí rẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀.
Kò lọ síbì kankan láti oṣù mẹ́ta.
Iná ẹ̀yìn ló kú.

Mo ní, "Bàbá, ẹ wá wò ó."
Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n tún sún mọ́ ọn.
Wọ́n ní, "Hẹn-ẹn."
Mi ò ka "hẹn-ẹn" yẹn sí.

Súkúrù mẹ́rìndínlógún nínú ọmọrí agolo.
Aáyán mẹ́ta. Eruku Òkèṣà.
Gíláàsì rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja:
èmi àti Ọmọ́yẹni, ọmọ iṣẹ́ mi,
dì í mú lọ́tùn-ún lósì, a ò mí.
Lábẹ́ rẹ̀, gílóòbù wínníwínní, ìlà mẹ́ta, mẹ́jọ mẹ́jọ.
Mo ń fi ẹnu mítà tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.
Èyí ṣẹ́jú. Èyí náà ṣẹ́jú. Èyí ṣẹ́jú.
Ìkarùn-ún ìlà kejì kò ṣẹ́jú.
Wọ́n so ọwọ́ pọ̀ ni: ẹnìkan jọ̀wọ́ ọwọ́,
gbogbo ilé ṣókùnkùn,
àwọn mẹ́tàlélógún tó yè ń kú ikú ẹnìkan.

Mo yọ ọ̀kan lára àlòkù tó ti fọ́,
mo fi òjé yíyọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Èéfín ta mí nímú.
Mo tan án:
ojúmọ́ mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù.
Ọmọ́yẹni pàtẹ́wọ́.

Bàbá ò pàtẹ́wọ́.
"O ṣe é. O ò tíì ṣe é tán.
Kùrukùru kan ṣì wà lójú rẹ̀."
Mo nù ún. Mo gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè, mo gbé e sílẹ̀.
"Ó ṣì wà níbẹ̀."
Mo wo ojú tó wà níwájú mi, ó mọ́ bí omi inú àpáta.
Mo wá yí padà sí ojú kejì.
Tọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ mi.
"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbójú sókè díẹ̀."
Mi ò tàn án sí wọn tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ni.
Funfun kan wà nínú ẹyinjú,
bí ògì tó silẹ̀ nínú ife.

Wọ́n dákẹ́ pẹ́.
"Mo mọ̀. Nígbà tí èyí ṣú,
inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀.
Mo ní tẹlifíṣọ̀n ló bàjẹ́,
kì í ṣe èmi."

Mo ní, "Wésílì ò jìnnà, sà.
Èmi ò ní irin iṣẹ́ tó kéré tó ìyẹn."
Wọ́n fi ìka ka owó mi, wọn ò fojú kà á.
Wọ́n ní kó dúró tì mí títí àwọn ó fi padà dé.

Ó wà lórí pẹpẹ, kúbúsù rẹ̀ ló bò ó.
Gbogbo ẹrù tó kù ní nọ́ńbà lára.
Tirẹ̀, mo kọ ọ́ sí i pé:
Ó ti ṣe. Ó ti san.
Ó ku ojú kan.